Ìlà Omi

Garawa ọ̀dà funfun méjì ni Àlàájì Sàárò ní kí n rà.
"Yàrá méjèèjì tó wà nísàlẹ̀ nìkan, Múnífù.
Láti ilẹ̀ dé ibi àyà. Kó bò ó dáadáa."
N kò bi í pé kí ni yóò bò.
Mo ti kun ilé yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, mo mọ ìlà náà
bí mo ti mọ ilà ojú bàbá mi:
ó pupa rúsúrúsú, ó tọ́ bí okùn bírílà,
ibi tí odò Àsà jókòó sí nígbà tó wọlé láì kan ilẹ̀kùn.

Ọyẹ́ ṣì ń bó ètè nígbà náà.
Odò tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín òkúta,
àwọn alágbàfọ̀ ń sá aṣọ sórí ìyanrìn.
Ta ni yóò wo irú omi bẹ́ẹ̀ kó bẹ̀rù?
Olùrà ti wá lẹ́ẹ̀kan, tísà kan láti Òmù-Àrán,
Ìyáàfin Mojírayọ̀, pẹ̀lú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀.
Ó ka yàrá. Ó ṣí ẹ̀rọ omi. Ó wo páànù títí ọrùn fi dùn ún.
Ó bèèrè iná, ó bèèrè ìwé ilẹ̀, ó bèèrè olè.
Kò bèèrè òjò.
Mo ní nínú ara mi pé
ẹni tó ní ẹnu tí kò bèèrè, èwo ni tèmi?
Ọ̀dà ni mo wá kùn.

Àfi ìgbà tí mo gbé kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Ìyàwó Àlàájì tó ti di olóògbé
ló fi èédú kọ ọ́ sára férémù:
Ráfátù, ọdún mẹ́ta, ibí yìí.
Omi, ọdún yẹn náà, ibí yìí.
Ráfátù, ọdún márùn-ún.
Omi.
Ọdún kan wà tí omi fi ìka mẹ́rin ga ju ọmọ náà lọ.
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tínńtín: A gbé e sórí tábìlì. Àlìhámúdùlílàhì.

Búrọ́ọ̀ṣì gbẹ mọ́ mi lọ́wọ́.

Àlàájì bá mi níbẹ̀. Ó ṣí fìlà.
Ó fi àtàǹpàkò tọ èédú náà láti ìsàlẹ̀ dókè.
Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà;
mo gbọ́ bó ṣe ń ṣírò àdánù rẹ̀ lábẹ́ ahọ́n,
owó oògùn, owó ilẹ̀ tó fẹ́ rà ní Tánkẹ̀.
Wọ́n ti pe ìrun Àsárì kó tó sọ̀rọ̀.
"Owó tí kò ní àlùbáríkà, omi náà ni.
Dé garawa yẹn."

Lọ́jọ́ Sátidé, òun fúnra rẹ̀ ló mú obìnrin náà dé iwájú ìlà.
"Ibi tó ń dé nìyí. Kì í ṣe ọdọọdún. Ṣùgbọ́n ó ń dé."
Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó fi orúnkún ara rẹ̀ wọn ọ́n.
"Èmi náà," ó ní, "ojú ẹ̀ẹ̀rùn ni mo fi wo ilé.
Ó yẹ kí n ti kan ilẹ̀kùn aládùúgbò."
Ó jáde lọ kàn án. Ilé mẹ́ta.
Nígbà tó padà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ná an lákọ̀tun,
ohùn wọn le, ṣùgbọ́n wọ́n ń wojú ara wọn.

Ó rà á. Ó mọ ògiri kékeré sẹ́nu ọ̀nà,
kò sẹ́ni tó ń sùn nísàlẹ̀.
Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta bọ́ lọ́wọ́ mi.
Garawa méjì náà wà lábẹ́ ibùsùn mi títí di òní.

Oṣù kẹjọ la wà yìí. Òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀.
Mo ń gbọ́ Àsà.
Mo ń ka àwọn ilé mìíràn tí mo ti kùn létí rẹ̀.