Láti Ìdí Àgbálùmọ̀ dé Ẹnu Odó

Ní Ìkẹ́rẹ́, bí oòrùn bá ti rọ̀ sẹ́yìn òkè,
kò sí ojúlé tí odó kì í dún.
Gbì. Gbì. Ilé kápẹ́ńtà, ilé pásítọ̀,
yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà ẹ̀yìnkùlé.
Èmi pàápàá, iyán ló tọ́ apá mi yìí dàgbà.
Ṣùgbọ́n ọmọ ọmọ mi, Ọlátúbọ̀sún,
gbì kan ṣoṣo, á da ọwọ́ bo etí,
á máa forí lu ògiri títí iwájú rẹ̀ á fi wú.
Ọdún mẹ́ta gbáko la fi jẹ ẹ̀bà.
Ọmọ Èkìtì! Ẹ̀bà!
Mo máa ń ti ilẹ̀kùn
kí n tó bu omi gbígbóná sí gàrí.

Wọ́n ní ká gbààwẹ̀, a gbà á.
Wọ́n ní ká fi àgbo wẹ̀ ẹ́, a wẹ̀ ẹ́.
Dókítà kan l'Ádó ló pe orúkọ rẹ̀: ọ́tísíìmù.
Ó ní kì í ṣe ohun tí à ń lé jáde lára ọmọ.
Ó kọ nọ́ńbà kan sẹ́yìn káàdì.

Bẹ́ẹ̀ ni Anti Rẹ̀mílẹ́kún ṣe gun ọ̀kadà wá,
ọmọ kékeré, báàgì rẹ̀ tóbi jù ú lọ.
Mo ní, "Ta ni yóò tọ́jú ta ni nínú ẹ̀yin méjèèjì?"
Ó rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò wojú ọmọ,
ó ń to ìdérí ìgò bí Túbọ̀sún ṣe ń tò ó,
pupa, pupa, pupa, funfun.
Ọ̀sẹ̀ méjì, iṣẹ́ tó ṣe kò jù bẹ́ẹ̀.
Mo bi ìyá ọmọ: "Ṣé eré la ń sanwó fún?"

Lẹ́yìn náà ló béèrè odó.
"Ẹ gbé e jáde, Ìyá àgbà. Ẹ gún un lẹ́ẹ̀kan péré."
Òun àti ọmọ wà nídìí àgbálùmọ̀, lọ́hùn-ún lẹ́bàá títì.
Ọwọ́ mi ń gbọ̀n lórí ọmọ odó. Gbì.
Túbọ̀sún bo etí. Kò ké.
Ẹ̀pà mẹ́ta bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀,
àmì kan bọ́ sínú ìwé.

Ìṣẹ́gun, lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́bọ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
Wọ́n kúrò nídìí igi, wọ́n dé ẹnu kànga.
Ọjọ́ kan àrá sán mọ́ ìró odó,
ọmọ gé e jẹ lápá, ojú eyín mẹ́rin.
Mo ní ó parí, kò ní padà wá mọ́.
Ó padà wá, ó wọ aṣọ alápá gígùn,
ó mú ọmọ padà sídìí igi.
"Ẹ̀yìn náà wà lára ọ̀nà, Ìyá àgbà."

Èmi ni mo sọ ọmọ yìí lórúkọ.
Ọlá ni mo ń rò nígbà náà, mọ́tò, ilé alájà.
N kò mọ̀ pé sísún gan-an ni,
ẹsẹ̀ bàtà kan lẹ́yìn èkejì,
láti kànga dé àtẹ̀gùn.

Ó ń fi àwòrán kọ́ ọ lọ́rọ̀.
Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Anti, èdè rẹ̀ ń dán bíi ti rédíò:
"Iyán. Túbọ̀sún, sọ pé: iyán."
Ọmọ ń wo àjà.

Sátidé tó kọjá, Anti ò sí níbẹ̀.
Mo ń gún un jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn aláìsàn,
ni mo gbọ́ nǹkan lẹ́yìn mi.
Mo tẹ fóònù. Ó ní, "Ẹ sọ bó ṣe pè é gan-an."
Mo ní, "Kò pè é bíi tìrẹ. Ó ní *uyán*."
Uyán. Bí èmi ṣe ń pè é. Bí ìyá mi ṣe pè é kó tó kú.
Ọdún mẹ́fà tí mo rò pé kò gbọ́ mi.
Anti ò sọ nǹkan kan.
Mo kàn ń gbọ́ bíró rẹ̀ lórí ìwé.

Túbọ̀sún na abọ́ rẹ̀ sí mi,
ọwọ́ òsì ṣì wà létí.