Ẹ Tú Báàgì Yín Sílẹ̀

Ọjọ́ Ẹtì ni, aago méjì ti kọjá,
ooru mú nínú kíláàsì wa ní Òkè-Àdó.
Mo ní: ẹ tú báàgì yín sórí tábìlì,
kí n wo ohun tí ẹ fẹ́ gbé wọ igbó Onígàm̀bàrí lọ́la.

Oyèsìnà kó bísíkítì mẹ́sàn-án jáde,
ìpara, dígí, ṣájà fóònù tó ti ya lẹ́nu.
Jọláadé ní sálúbàtà lòun máa wọ̀,
"torí ẹsẹ̀ mi a máa gbóná, sà."
Ẹ̀rín pa wá. Nígbà tí mo rín tèmi tán,
mo ní: ejò abẹ́ ewé gbígbẹ
kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ ń gbóná.

Múṣítúrá nìkan ló sá sẹ́yìn, kò fẹ́ tú tirẹ̀.
Nígbà tó tú u: kẹ́ẹ̀gì omi kékeré kan,
iyọ̀, ìṣáná tó fi ọ̀rá wé lẹ́ẹ̀mejì,
okùn tí bàbá rẹ̀ àgbà fi ń di àpò kòkó
nígbà tí kòkó ṣì wà,
aṣọ òtútù kan tó ti já lápá,
fèrè rẹfirí tó ti pa àwọ̀ dà.
"Ta ló kọ́ ọ?"
"Màámi ló máa ń lọ ṣẹ́gi, sà."

Mo kọjú sí bọ́ọ̀dù, ṣọ́ọ̀kì ń kán mọ́ mi lọ́wọ́.
Sọ ibi tí ò ń lọ fún ẹnìkan nílé, àti aago tí wàá dé.
Omi kọ́kọ́, oúnjẹ lẹ́yìn.
Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa,
nítorí náà mú ọ̀rá ńlá kan dání.
Bí o bá ṣìnà, má sáré;
ẹni tó ń sáré nínú igbó ń gbé ara rẹ̀ sọnù sí i ni.
Jókòó. Mí. Fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹta. Sinmi. Tún un fọn.
Odò tó mọ́ lójú lè ba ikùn jẹ́: sè é kó hó.
Olú tí o kò mọ orúkọ rẹ̀,
kí i, kí o máa bá tìrẹ lọ.
Ládélé béèrè bóyá yóò wà nínú ìdánwò.
Mo ní yóò wà,
ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni n ó ṣètò ìbéèrè rẹ̀.

Ìdájí Sátidé, bọ́ọ̀sì ilé-ìwé gbé wa kọjá Ìdí-Ayunrẹ́,
ìkùukùu ṣì bo ojú gíláàsì.
A wọ abẹ́ igi tíìkì, ewé rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ,
ó ń ró pàràpàrà lábẹ́ bàtà.
Mo ń ṣàlàyé bí òjìji àárọ̀ ṣe ń na ìka sí ìwọ̀-oòrùn,
ẹnu mi dùn, ojú mi kò sí nílẹ̀,
gbòǹgbò kan gbá mi lẹ́sẹ̀.
Ọrùn ẹsẹ̀ mi dún kọ́.

Mo fẹ́ dìde. Múṣítúrá tẹ èjìká mi mọ́lẹ̀:
"Ẹ jókòó, sà. Ẹ mí."
Fíì, fíì, fíì. Igbó dákẹ́. Fíì, fíì, fíì.
Jọláadé, nínú bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó tóbi jù ú lọ,
ṣẹ́ igi gbọọrọ méjì wá;
wọ́n fi aṣọ tó já lápá wé mi lẹ́sẹ̀,
wọ́n fi okùn kòkó dè é.
Ládélé ti ìka bọ abẹ́ okùn wò, kó má le jù,
bí mo ṣe kọ́ wọn, tí mo ti gbàgbé pé mo kọ́ wọn.
Oyèsìnà já bísíkítì, ó fi kàn mí lẹ́nu.
Mo jẹ ẹ́.
Lókèèrè, fèrè ẹ̀ṣọ́ igbó dá wa lóhùn.

Ọjọ́ Ajé, mo fi ọ̀pá rìn wọ kíláàsì.
Wọ́n ti dúró dè mí, tábìlì ti mọ́ lófìfo.
"Sà," Múṣítúrá ní, "ilé là á ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde.
Ẹ tú tiyín náà."
Báàgì tí mo gbé lọ sígbó nìyẹn, n kò tíì tú u:
rẹ́jísítà, bírò pupa mẹ́rin,
ìgò omi kan,
tí n kò rántí pọn omi sí.