Aago Mẹ́rin Ìdájí, Èbúté-Mẹ́ta

Èmi ni í gba máìkì lọ́wọ́ àlùfáà,
ohùn mi á mi páànù ṣọ́ọ̀ṣì.
Ọdún mọ́kànlá.
Lánàá, Fadérera bi mí:
“Bàámi, ṣé ẹ ń bá A sọ̀rọ̀ bí kò bá séèyàn ńlé?”
Mo húkọ́. Mo ní kó lọ pọnmi.

Òru yìí, jẹnẹrétọ̀ gbogbo ti dákẹ́,
ọkọ̀ ojú irin fọn fèrè lọ́nà Ìddó.
Mo kúnlẹ̀ ti kẹ́ẹ̀gì omi lọ́dẹ̀dẹ̀.
Àdúrà àkọ́sórí ń bojú wẹ̀yìn,
ó ń wá ẹni tí yóò ṣe Àmín.

“Olúwa, èmi ni.”

Ó pẹ́ kí n tó rí òmíràn sọ.
Mo tọwọ́ bọ ibi tí mo ti pè ní eérú:
ó jó mi.