Omi Tó Ń Mí

Ọyẹ́ dé sí Ìkìjà lọ́dún yìí, kò kan ilẹ̀kùn.
Ó gba orí àpáta wọlé, ó ha Bàámi lọ́fun,
ó fa ètè Àńjọlá ya bí ìwé àtijọ́.
Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ẹ̀jẹ̀ kán láti imú ọmọ sórí ìrọ̀rí.
Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá ìpara.

Ni mo bá múra, ó di Pànṣẹ́kẹ́.
Bàámi ní òun á bá mi lọ,
tikọ́tikọ́, tọ̀pátọ̀pá.

Láṣùn to ẹ̀rọ sílẹ̀ bí ẹyin awó.
Àwọn kan ń tu ìkùukùu tútù, wọ́n ń tan iná aláwọ̀ mẹ́ta,
ọ̀kan tilẹ̀ ń kọrin bí o bá tẹ̀ ẹ́ létí.
Bàámi kò wo iná wọn.
Ó ní, "Èwo nínú wọn ló ń se omi kó tó mí i jáde?"
Láṣùn nàka sí kọ̀rọ̀:
ó funfun, ikùn rẹ̀ yọ bíi ti aboyún oṣù márùn-ún.
Bàámi ṣí ọmọrí, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé ọrùn ọwọ́.
"Ọwọ́ mi wọlé. Èyí tí ọwọ́ ò bá wọ̀, ìdọ̀tí á wọ̀ ọ́."
Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó yẹ wáyà wò.
Ó béèrè bóyá yóò pa ara rẹ̀ bí omi bá gbẹ nínú ẹ̀.
Láṣùn ní, "Bàbá, ṣé ẹ ta ẹ̀rọ rí ni?"

Kò ta ẹ̀rọ rí.
Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi da èédú sẹ́nu ọkọ̀ ojú irin,
láti Láfẹ́ńwá lọ, láti Láfẹ́ńwá bọ̀,
nígbà tí ooru omi ṣì ń fa èèyàn relé àna.
Ó mọ omi gbígbóná bí ẹní mọ orogún ìyá rẹ̀:
a kì í kọ ẹ̀yìn sí i,
a kì í bá a ṣeré lójú ọmọ.

Nítorí náà, orí tábìlì gíga la gbé e sí,
wáyà ò fì, ọwọ́ Àńjọlá ò tó o,
fèrèsé ṣí níwọ̀n ìka méjì,
torí ilé tó bá mu omi yó, ògiri rẹ̀ a máa bu.

Inú òkúta ni omi kànga wa ti ń wá.
Àwa jókòó lórí òkúta,
òkúta náà sì jókòó sínú kẹ́tùrù wa.
Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ hu èépá.
Ẹnu ya mi. Bàámi rẹ́rìn-ín:
"Èyí tí mo họ nínú ẹ̀rọ rélùwéè tó kọ́ ilé."

Báyìí, Sátidé ni tèmi.
Màá fa wáyà yọ, màá jẹ́ kó tutù,
màá fún ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́rin sí i, màá lọ gbálẹ̀,
kí n tó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ rà á pẹ̀lẹ́.
Ọbẹ, èèwọ̀. Irin tí a bá họ kì í gbàgbé.
Omi àná, inú gọ́tà. Ojoojúmọ́.
Bí mo bá ṣe ọ̀lẹ, Bàámi á húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta,
ikọ́ tí kì í ṣe ti ọyẹ́.

Lóru, ẹ̀rọ ń ṣe ṣìì, ṣìì,
ọmọ ń sùn, ètè rẹ̀ ti jinná,
ọwọ́ ọ̀tún Bàámi ń lọ síwájú, sẹ́yìn, lójú oorun,
bí ẹni ń wa èédú.

Àfi gìdì, iná lọ.
Ẹ̀rọ dákẹ́.
Mo dìde jókòó nínú òkùnkùn, mo ń ka èémí:
ti ọmọ, ọ̀kan, èjì;
ti Bàámi...
Mo dúró.
Mo tún dúró.

"Ìwọ," ohùn kan wá láti orí ibùsùn,
"ṣé o rántí da omi yẹn nù?"