Orúkọ Méje

Orúkọ méje ni mo kọ ní Kétu lọ́sàn-án Sátidé
sínú ìwé àjákọ ọmọ mi,
nítorí orúnkún mi ọ̀tún kò gba kẹ̀kẹ́ mọ́,
ẹgbẹ́ sì ní ẹni tí kò lè sáré, kó di aago mú.

Ojú ọ̀run ti ṣú láti òwúrọ̀,
ó dúdú bí ìdí ìkòkò aṣepo.
Ìyá elépẹtiróò ní, "Ẹ jẹ́ kó dá ná."
Ta ní fẹ́ gbọ́? Ọ̀nà Ìlárá, lílọ àti bíbọ̀,
táyà tuntun kan ni ẹ̀bùn, ó ṣì wà nínú ọ̀rá,
mo gbé e kọ́ ọrùn bí ìlẹ̀kẹ̀ ìyàwó.

Mo fọn fèrè. Wọ́n lọ.
Òjò náà bá wọn lọ.

Kì í ṣe òjò tí ọmọdé ń sá jáde lọ wẹ̀.
Òjò tó di afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ mú ni,
ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà wá, ó ń gbá ni létí ọ̀tún,
bí o bá yíjú, a gbá tòsì.
Ilẹ̀ pupa wa tí ń lẹ̀ mọ́ni bí ológò
di ọbẹ̀ ilá lábẹ́ táyà.
Mo sá sábẹ́ páànù ìyá elépẹtiróò,
àwọn ìgò rẹ̀ ń gbọ̀n lórí tábìlì, gbinrin, gbinrin.
Mo wo aago, mo wo ọ̀nà,
mo wo aago.

Látífù ni mo rò pé yóò kọ́kọ́ yọ.
Itan rẹ̀ bí ọmọ odó,
kẹ̀kẹ́ rẹ̀ aláwọ̀ ọsàn, ilẹ̀ Faransé ló ti wá,
ó máa ń bá ṣéènì rẹ̀ sọ̀rọ̀ lálẹ́,
ìyàwó rẹ̀ ló sọ.

Ẹni tó yọ ni Fẹlisitéè tí ń ta búrẹ́dì,
agbọ̀n búrẹ́dì ṣì ń bẹ lẹ́yìn kẹ̀kẹ́,
ó pupa láti irun dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀.
Ó kọjá lára mi. Kò rí mi.
Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Àkàbà Ìdènà
kí ariwo mi tó bá a pé ó tó, ó ti tán!
"Mo rò pé ó ṣì kù," ló wí.

Àwọn yòókù ńkọ́?
Ó ní àwọn méjì ti yà sí ṣọ́ọ̀ṣì Ìlárá,
wọ́n ń bá kátíkíìsì jẹ iṣu sísun.
Ọ̀kan wà nínú kòtò, ó ń rẹ́rìn-ín, kò ṣeé gbé.
Ní ti Látífù, "Ẹ ó fojú yín rí i."

A rí i. Ilẹ̀ ti ń ṣú
nígbà tó fẹsẹ̀ rìn dé, kẹ̀kẹ́ ọsàn lórí bí igi ìdáná,
ṣéènì tó já, ó wé e mọ́ ọrùn ọwọ́ bí ẹ̀gbà.
Tíṣà Ọlọ́fíndé ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.
Kò sí ohun tó ṣe kẹ̀kẹ́ tirẹ̀,
ó kàn ń fà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti kìlómítà mọ́kànlá,
kí òjò má baà dá ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan pa.
"Ẹni tí kẹ̀kẹ́ ń gbé lánàá…" ni ìyá elépẹtiróò wí.
Kò parí rẹ̀. Ẹ̀rín ti pa á.

Àwọn ajẹṣu dé. Ẹni inú kòtò dé.
Mo ka orí: mẹ́fà.
Mo tún un kà: mẹ́fà.
Ẹnì kan ṣì wà lójú ọ̀nà nínú òkùnkùn yẹn!
Látífù ti gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ Tíṣà, ó fẹ́ padà.

Mo ṣí ìwé náà lábẹ́ fìtílà.
Yíǹkì ti ṣàn, orúkọ mẹ́fà ti di odò aró kan,
ọ̀kan ṣoṣo ló là, lókè pátápátá,
níbi tí àtàǹpàkò mi bò mọ́lẹ̀:
orúkọ mi.
Ọwọ́ ti kọ ọ́ kí ọkàn tó rántí orúnkún.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.
Fẹlisitéè bọ́ táyà lọ́rùn mi,
ó gba kálàmù, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé tútù náà,
ó kọ ọ́ síwájú orúkọ yẹn:
Ó jáde lọ́sàn-án. Kò tíì dé.