Ìtẹ̀ka Mẹ́tàdínlógójì

Èmi ni mo gbé páàdì tàdáwà náà.
Ẹ má wá ẹlòmíràn.
Èmi Poritosh, ọmọ iṣẹ́ awọnlẹ̀,
mi ò tíì gbowó oṣù ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ
nígbà tí ọ̀gá rán mi sí Kathalmari,
níbi tí odò Dhonchi ti ń ru ẹrẹ̀ lọ bá òkun Bẹ́ńgálì,
pé kí n gba ìtẹ̀ka àwọn ará abúlé
sábẹ́ ìwé tí wọn kò kà.

"Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú Ará Ìlú" ni wọ́n kọ sókè rẹ̀,
lẹ́tà gàdàgbà-gadagba.
Aago mẹ́wàá àárọ̀ la fi ìpàdé sí.
Ta ni ì bá sọ fún wa pé aago mẹ́wàá ni omi ń fà sẹ́yìn,
pé bí omi bá ti ń fà, àwọn obìnrin á ti wọ odò dé àyà,
wọ́n á máa fi àwọ̀n búlúù ṣẹ́ ọmọ edé?
Ọmọ edé kò mọ ìpàdé.
Ọkùnrin mẹ́sàn-án ló jókòó gbọ́ wa,
olùkọ́ kan tó ń tòògbé,
àti ajá.

Ìyókù, mo bá wọn létí omi.
Mo nu ẹrẹ̀ ara àtàǹpàkò wọn,
mo tẹ̀ ẹ́ bọ tàdáwà, mo gbé e lé ìwé.
Mẹ́tàdínlógójì.
Ọ̀gá ní, "O káre."

Obìnrin kan ṣoṣo ni kò fún mi lọ́wọ́.
Kusum Gayen. Opó ni.
Ó ní kí n tú àwòrán ilẹ̀ ká kí òun rí i.
Ó wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tí wọ́n ní ó jọ òun.
"Bàbá ọkọ mi wa ọkọ̀ gba ibí yìí."
Ó fi ìka olómi fa ìlà kan,
láti ìdí àgbọn mẹ́ta dé ẹ̀yìn ilé-ìwé.
"Odò kan ló sùn síbẹ̀. Ó sùn ni o, kò kú.
Ẹ má kọ́ ògiri yín lé e láyà."

Ìlà omi náà gbẹ kí n tó ká ìwé.
Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.
Kọ̀ǹpútà ti ṣírò tán.

A kì í fá orí lẹ́yìn olórí.
Àwa fá a,
a sì kọ orúkọ olórí sílẹ̀ pé ó wà níjokòó.

Ògiri dìde, ó ga ju ọkùnrin méjì lọ.
Lóṣù kọkànlá ọdún kejì, ìjì wọlé lóru.
Mi ò sí níbẹ̀. Khulna ni mo wà, mo ń jẹ ẹja.
Wọ́n ní ògiri náà dúró gbọin-gbọin níbi gbogbo,
àfi láti ìdí àgbọn mẹ́ta dé ẹ̀yìn ilé-ìwé.
Odò jí.
Ó rántí ọ̀nà ilé rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n rán mi padà, mi ò mú páàdì dání.
Mo béèrè àkókò omi kí n tó dá àkókò ìpàdé.
Alẹ́ ni, lágbàálá Kusum, fìtílà kan, kòkòrò ń rọ́ lù ú.
Obìnrin pọ̀ débi pé àwọn ọkùnrin
lọ jókòó sórí ọkọ̀ tí a dojú rẹ̀ délẹ̀.
Ẹ má rò pé ó dùn. Wọ́n jà.
Nibaran fẹ́ omi iyọ̀ nítorí adágún edé rẹ̀;
Monowara ní, "Ìrẹsì mi ńkọ́, ṣé iyọ̀ ni n ó sè?"
Àkùkọ kọ, ohun kan péré la fẹnu kò lé:
kí a ṣílẹ̀kùn fún odò náà,
kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ má sì lọ sí Dáka.

Mo ń ká ìwé mi nígbà tí Kusum di ọwọ́ mi mú.
Ó ti àtàǹpàkò mi bọ ẹrẹ̀,
ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ àwòrán ilẹ̀, níbi tí ìlà rẹ̀ ti gbẹ lọ́jọ́sí.
"Kejìdínlógójì," ló wí,
ó sì lọ wá àwọ̀n rẹ̀. Omi ti ń fà.