Àwo Tó Ń Padà Bọ̀

Ìdí omi gbígbóná ni mo máa ń wà,
lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ń fì síwá, tó ń fì sẹ́yìn,
nílé oúnjẹ àwọn ọlọ́lá kan ní Maitama.
N kì í rójú ẹni tó ń jẹun.
Àwo ni mò ń rí,
àwo ló ń tú àṣírí fún mi,
ohun tẹ́nu ò lè wí lórí aṣọ tábìlì funfun.

Àwo fẹ̀ bí àtẹ,
oúnjẹ inú rẹ̀ ò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ jòjòló:
ègé ẹja mẹ́ta tó ti Lọ́kọ́ja wá,
ewé kan ṣoṣo tí ewúrẹ́ ò ní torí ẹ̀ dúró,
ọbẹ̀ tí wọ́n fi ṣíbí fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀
bí ilà pélé lẹ́rẹ̀kẹ́.

Tábìlì keje, lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì:
baba kan láti Ìkirè àti aya rẹ̀,
ogójì ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra ni wọ́n wá ṣe.
Àwo màmá mọ́ tónítóní,
ó fi búrẹ́dì nù ún dé etí,
n ò mọ ohun tí mo tún fẹ́ fọ̀ níbẹ̀.
Àwo baba, ẹ̀ẹ̀kan péré ló fọ̀bẹ kàn án.
Bítrúsì ọmọ Pankshin tó gbé e wọlé
fẹ̀yìn ti fíríìjì, ó ń rẹ́rìn-ín:
"Baba ní ṣé màlúù yìí mọ̀ pé òun ti kú?"

Tábìlì kẹta, ọmọge kan.
Ó ya àwo ní àwòrán, ó yà á títí,
ó ní kí wọ́n sún fìtílà, ó tún yà á,
títí ọ̀rá ọbẹ̀ fi dì bí àbẹ́là.
Àwòrán yó. Oúnjẹ wálé bó ṣe lọ.

Alhaji Modibbo ní tiẹ̀ ránṣẹ́ pe ọ̀gá alásè.
Gbogbo wa dákẹ́ nínú kíṣìnnì,
a rò pé ìjà ni.
Ó ní òórùn irú tó wà nínú ọbẹ̀ yẹn
gbé òun padà sẹ́nu ọ̀nà ilé ìyá òun ní Katagum.
Ọ̀gá wa, tó kọ́ṣẹ́ nílùú òyìnbó,
wá síbi tí mo wà, ó ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ gbàgà
ká má baà gbọ́ bó ṣe ń fa imú.

Ẹ̀yìn ìyẹn niná lọ.
Jẹnẹrétọ̀ kọ̀, ó kọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko.
Nínú òkùnkùn, ta ló ń mọ fọ́ọ̀kì ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì?
Mo gbọ́ tẹ́nì kan ń fọ́ eegun jẹ,
mo gbọ́ ẹ̀rín, ẹ̀rín gidi, láti inú ikùn.
Iná dé. Wọ́n tún jókòó bí àwòrán ara ògiri.

Ṣùgbọ́n ti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni n ò lè gbàgbé.
Akọ̀wé ìjọba kan láti Kubwa,
tó ṣọ́wó jẹ fún oṣù mẹ́ta
kó lè mú ìyá rẹ̀ láti Ìsánlú wá wo ibi tọ́lá ti ń jẹun.
Wọ́n gbé àwo kìíní, wọ́n gbé ìkejì, wọ́n gbé ìkẹta,
màmá rọra bi Bítrúsì létí:
"Ọmọ mi, oúnjẹ ọ̀hún ò tíì jinná ni?"
Ìwé owó dé: ó tó owó oṣù mi méjì, ó lé.

Àwo màmá kàn mí.
Ẹja mẹ́ta ni wọ́n gbé fún un.
Méjì ló jẹ.
Ó tún ìkẹta tò sí etí àwo, ó fi ewé yẹn bò ó,
bí ìyá ṣe ń ṣẹ́ ẹran kù fọ́mọ tí ò tíì toko dé.
Òfin ilé yìí ni kí gbogbo àjẹkù wọ àpò dúdú.
Mo wẹ̀yìn. Mo nu ọwọ́ mi. Mo jẹ ẹ́.

Ẹ bi mí bó ṣe rí.
Ó dùn.
Iyọ̀ rẹ̀ ò tó.